"Kò Wá": Ẹ̀kọ́ Lórí Àwọn Ẹgbẹ́ Kéékèèké Nínú Ìjọ

Ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò lónìí dá lórí àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké tí ó máa ń wà nínú ìjọ Kristẹni: èèyàn bíi mẹ́wàá tàbí méjìlá tí wọ́n ń pàdé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti bá ara wọn kẹ́gbẹ́, láti ka Bíbélì, àti láti ran ara wọn àti aládùúgbò lọ́wọ́. Àwọn kan ń pè é ní kíláàsì, àwọn kan ń pè é ní ìdàpọ̀ inú ilé, àwọn mìíràn kàn ń pè é ní ẹgbẹ́. Orúkọ lè yàtọ̀, iṣẹ́ kan náà ni.

Kí n tó wọ inú ìtàn, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń jẹ mí lọ́kàn. Nígbà tí mo wà ní ọdún kejì, wọ́n fi mí ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ ìkẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì kan láàárín àwa akẹ́kọ̀ọ́. Orúkọ mọ́kànlá ló wà nínú ìwé tí wọ́n kó lé mi lọ́wọ́. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, mo máa ń pe orúkọ, màá sì kọ "ó wá" tàbí "kò wá". Ọmọbìnrin kan wà láàárín wa, èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ẹ̀yìn ló máa ń jókòó sí. Ní ọ̀sẹ̀ kan n kò rí i. Mo kọ "kò wá". Ọ̀sẹ̀ kejì, "kò wá". Ẹ̀kẹta, ẹ̀kẹrin, ẹ̀karùn-ún, "kò wá". Ìwé mi mọ́ tónítóní, kò sí ibi tí mo ti fi nǹkan sílẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà ló wọlé, ó ti rù. Bàbá rẹ̀ ló kú. Ó ti lọ sílé, wọ́n ti sin bàbá, ó sì ti padà sí họ́sítẹ́ẹ̀lì láti bí ọ̀sẹ̀ méjì. Kò sí ẹnì kan nínú wa tí ó mọ̀. Kò bínú sí wa. Ohun tí ó sọ fún mi kò ju gbólóhùn méjì lọ: "Bùrọ̀dá, mo rò pé ẹ ó ti mọ̀. Ṣebí ẹ̀yin lẹ ń kọ orúkọ wa." Títí di òní, n kò tíì rí èsì fọ̀ sí i. Òun ló mú kí n lọ wádìí ohun tí ìwé orúkọ wà fún nínú ẹgbẹ́ Kristẹni.

Gbèsè ló bí kíláàsì

Ní ìlú Bristol, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn èèyàn John Wesley bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé ìpàdé kan ní ọdún 1739. Àlùfáà Ìjọ Áńgílíkà ni Wesley. Àwọn tí ó tẹ̀ lé e ni a wá ń pè ní Mẹ́tọ́díìsì. Gbèsè ilé náà wà lọ́rùn wọn. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kejì ọdún 1742, wọ́n pàdé láti wá ọ̀nà tí wọn yóò fi san án. Ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Kápútéènì Foy dá a lábàá pé kí olúkúlùkù máa mú pẹ́nì kan wá lọ́sẹ̀. Ẹnì kan dáhùn pé tálákà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, agbára wọn kò ká a. Foy ní kí wọ́n kó mọ́kànlá tí ó tálákà jù lọ fún òun. Òun yóò máa lọ bá wọn nílé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹni tí ó bá rí i san, ó dára; ẹni tí kò bá rí i san, òun yóò san tirẹ̀ mọ́ tòun. Ó sì ní kí àwọn yòókù tí ó lówó díẹ̀ ṣe bákan náà.

Ẹ kíyè sí i pé ọ̀rọ̀ owó ni ó kó wọn jọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń kan ilẹ̀kùn mọ́kànlá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ojú rẹ̀ yóò rí nǹkan. Àwọn agbowó yìí bá ọkùnrin kan níbi tí ó ti ń bá ìyàwó rẹ̀ jà. Wọ́n bá òmíràn tí ọtí ti pa. Nígbà tí wọ́n sọ èyí fún Wesley, ó rí i lójú ẹsẹ̀ pé ohun tí òun ti ń wá tipẹ́ nìyí. Ìjọ ti pọ̀ ju ohun tí ojú ẹnì kan lè tó. Nínú ìlànà tí ó gbé jáde ní ọdún 1743, ó ṣètò pé kí kíláàsì kọ̀ọ̀kan ní èèyàn bíi méjìlá, gẹ́gẹ́ bí àdúgbò wọn, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ olórí. Iṣẹ́ olórí ni láti rí olúkúlùkù ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí ó bèèrè bí ọkàn rẹ̀ ti wà, kí ó gbà á níyànjú tàbí kí ó tù ú nínú, kí ó sì gba ohun tí wọ́n bá fẹ́ fi ran tálákà lọ́wọ́. Nígbà tí ilé-dé-ilé ń gba àkókò jù, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé lójú kan.

Ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ alájọ yóò yé e kíákíá. Alájọ tí ó ń yí ọjà ká mọ ìsọ̀ tí kò ṣí lónìí. Ó mọ ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà ní ọsibítù àti ẹni tí ọjà rẹ̀ kò tà, nítorí káàdì ti sọ fún un kí ẹnu tó sọ. Ìwé orúkọ ni tirẹ̀, ìwé orúkọ ni tèmi. Tirẹ̀ ṣófo níbì kan, ó lọ wo ìdí rẹ̀. Tèmi ṣófo, mo kọ "kò wá", mo sì pa ìwé dé.

Ó ti wà ṣáájú Wesley

Nínú ìwé Ẹ́kísódù, Jẹ́tírò bá Mósè àna rẹ̀ níbi tí ó ti ń dá ẹjọ́ gbogbo ènìyàn láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Ó gbà á nímọ̀ràn pé kí ó yan olórí ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ọgọ́rọ̀ọ̀rún, àràádọ́ta àti ẹ̀wẹ̀ẹ̀wá. Nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, àwọn onígbàgbọ́ àkọ́kọ́ ń bú àkàrà láti ilé dé ilé, àwọn tí wọ́n ní sì ń fún àwọn tí kò ní. Nínú lẹ́tà sí àwọn ará Róòmù, Pọ́ọ̀lù kí ìjọ tí ó wà nínú ilé Pírísílà àti Ákúílà. Ilé ni ìjọ ti kọ́kọ́ ń pàdé.

Bí ó ṣe rí nílẹ̀ wa

Ọdún 1842 ni Thomas Birch Freeman, míṣọ́nnárì Mẹ́tọ́díìsì, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì, ọgọ́rùn-ún ọdún géérégé lẹ́yìn ìpàdé Bristol. Ohun tí wọ́n gbé wá kò ṣàjèjì pátápátá. Yorùbá ti ní àáró àti ọ̀wẹ̀ fún iṣẹ́ oko, wọ́n ní èsúsú fún owó, wọ́n sì ní ẹgbẹ́ fún tọmọdé tàgbà. Bóyá ìdí nìyẹn tí ẹgbẹ́ fi gbilẹ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ìjọ wa, tí kò fi sí ṣọ́ọ̀ṣì tí kò ní ẹgbẹ́ ọkùnrin, ẹgbẹ́ obìnrin àti ẹgbẹ́ ọ̀dọ́.

Ẹ wo Ìjẹ̀bú-Òde ní ọdún 1918. Àjàkálẹ̀ àrùn inflúẹ́ńsà ń pa àwọn èèyàn káàkiri ayé, ó sì dé ọ̀dọ̀ wa. Nínú ìjọ Áńgílíkà St. Saviour's, àwọn díẹ̀ kó ara wọn jọ láti máa gbàdúrà. J. B. Sadare àti ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí ń jẹ́ Sophia Odunlami wà lára wọn. Wọ́n pe ara wọn ní Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye. Wọn kò pọ̀, ṣùgbọ́n lára gbòǹgbò Ìjọ Àpọ́sítélì ti Kristi tí gbogbo wa mọ̀ lónìí ni ẹgbẹ́ náà wà.

Ẹ̀kọ́ kejì tún wà nínú ìtàn yẹn. Ní ọdún 1922, ẹgbẹ́ náà àti Ìjọ Áńgílíkà pínyà. Ọ̀rọ̀ ìrìbọmi ọmọ ọwọ́ àti ọ̀rọ̀ oògùn lílò wà lára ohun tí wọn kò gbà fún ara wọn. Ẹgbẹ́ kékeré lè fún ìjọ lágbára, ó sì lè di ìjọ mìíràn. Ìjọ Deeper Life náà bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀: ní ọdún 1973, W. F. Kumuyi, tí ó jẹ́ olùkọ́ ìmọ̀ ìṣirò ní Yunifásítì Èkó, ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní Bíbélì. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kò jẹ́ nǹkan, ẹ tún un rò.

Ààrò mẹ́ta kì í dọbẹ̀ nù

Mo ti rí i pé ẹgbẹ́ kékeré nílò ẹsẹ̀ mẹ́ta kí ó tó dúró.

Èkíní ni ìdàpọ̀. Kí á mọ ara wa dé ibi tí a ó fi mọ̀ bí ẹnì kan bá sọnù. Ẹgbẹ́ tí a kì í rí àfi lọ́jọ́ ìkórè, pẹ̀lú aṣọ ẹgbẹ́jọdá, aṣọ nìkan ló dọ́gba nínú rẹ̀.

Èkejì ni ẹ̀kọ́. Nínú ìpàdé ńlá, ẹnì kan ló ń sọ̀rọ̀. Láàárín èèyàn mẹ́wàá, ẹni tí kò yé lè ní "kò yé mi", ojú kò sì ní tì í. Bí ẹ̀kọ́ bá kúrò níbẹ̀, ìtàkùrọ̀sọ lásán ló kù.

Ẹ̀kẹta ni iṣẹ́ ìsìn. Pẹ́nì Bristol di ìrànwọ́ fún tálákà. Tiwa lè jẹ́ owó ọkọ̀ fún ẹni tí ó fẹ́ lọ sin bàbá rẹ̀, tàbí kí á bá a kọ nóòtì kíláàsì tí ó pàdánù.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní ìbéèrè yìí ti pọ̀ jù, pé ó jọ ìṣọ́ni. Òótọ́ wà níbẹ̀. Mo ti rí ẹgbẹ́ tí ọ̀rọ̀ tí ènìyàn sọ nínú àdúrà lálẹ́ di ọ̀rọ̀ ìta kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwọn Mẹ́tọ́díìsì ìgbà náà pàápàá máa ń fún ọmọ ẹgbẹ́ ní tíkẹ́ẹ̀tì lóṣù mẹ́ta mẹ́ta, ẹni tí ìwà rẹ̀ kò bá dára lè má rí i gbà. Ohun tí mo fi ń dá méjèèjì mọ̀ ni ohun tí Foy sọ: ẹni tí yóò bèèrè gbọ́dọ̀ ṣe tán láti bá ni san nínú rẹ̀. Ẹni tí kò fẹ́ bá mi gbé ẹrù, kí ló fẹ́ fi ìròyìn ẹrù mi ṣe?

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin yẹn, a fa ìlà kan kún ìwé orúkọ wa. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ "kò wá", a kọ "ta ló lọ bèèrè rẹ̀?" Bí àyè yẹn bá ṣófo, a kì í tú ká lálẹ́ ọjọ́ náà títí ẹnì kan yóò fi gbà á. Nígbà mìíràn, oorun lásán ló mú ẹni náà sílé, a ó sì jọ rẹ́rìn-ín. Lẹ́ẹ̀mejì, kì í ṣe oorun. Ọmọbìnrin náà ti gboyè jáde báyìí. Ó lè jẹ́ pé ó ń ka èyí. Bí ó bá ń kà á, mo tọrọ àforíjì tí mo yẹ kí n ti tọrọ lọ́jọ́ náà.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Nínú ẹgbẹ́ tìrẹ, ta ni kò wá lọ́sẹ̀ tó kọjá, kí sì ni ìdí rẹ̀?
2. Èwo nínú ààrò mẹ́ta yìí ni ó ti yẹ̀ nínú ẹgbẹ́ yín?
3. Kí ni ẹgbẹ́ kékeré lè ṣe kí ó lè lágbára láìya ìjọ?