ÌFIHÀN ỌLỌ́RUN: Ẹ̀KỌ́ ÀWỌN ÀGÙDÀ ÀTI TIWA

Ẹni tí ó bá dúró ní Ìyànà Ìyẹ̀sí, lójú ọ̀nà Ìdí-Ìrókò ní Ọ̀tà, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, yóò rí ọmọ ìjọ oríṣiríṣi tí ń kọjá, tòun ti Bíbélì lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n Bíbélì wọn kò dọ́gba. Ìwé 66 ni ó wà nínú tiwa. 73 ni ó wà nínú ti àwọn Àgùdà, nítorí wọ́n ka Tóbítì, Júdítì, ìwé Mákábì méjèèjì àti mẹ́ta mìíràn mọ́ ọn. Abala kẹfà nínú Abala Ẹ̀sìn 39 ti Ìjọ wa gbà kí a máa ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún àpẹẹrẹ ìwà, ṣùgbọ́n kí a má ṣe fi wọ́n gbé ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ kalẹ̀.

Abala kan náà wí pé ohun gbogbo tí ó yẹ fún ìgbàlà wà nínú Ìwé Mímọ́. Ìgbìmọ̀ Trent ti àwọn Àgùdà, ní 1546, pàṣẹ kí a fi ọ̀wọ̀ kan náà gba Ìwé Mímọ́ àti ẹ̀kọ́ àtọwọ́dọ́wọ́ àwọn Àpọ́sítélì. Níbẹ̀ ni ọ̀nà ti yà.

Ìtàn ilẹ̀ wa fi ọ̀nà méjèèjì hàn. Kí àlùfáà Àgùdà kankan tó wá jókòó sí Èkó ní 1868, ọmọ ìjọ kan tí a ń pè ní Padre Antonio, tí kì í ṣe àlùfáà, ni ó ń kọ́ àwọn tí ó ti Brazil dé ní àdúrà. Láti ẹnu dé etí ni ìgbàgbọ́ wọn fi wà láàyè. Ní tiwa, Crowther tẹ Ìwé Róòmù jáde ní 1850. Bíbélì odidi sì parí ní 1884, kí àgbẹ̀ lè kà á fúnra rẹ̀. (Síbẹ̀, ta ni nínú wa tí ó kọ́kọ́ ka Ìgbàgbọ́ àwọn Àpọ́sítélì nínú ìwé? Ẹnu ìyá wa ni a ti gbọ́ ọ.)

Àwọn kan nínú wa a máa wí pé Àgùdà gbé Póòpù lé Bíbélì lórí. Ìwé Dei Verbum, tí Ìgbìmọ̀ Vatican Kejì fi lélẹ̀ ní 1965, wí pé ìránṣẹ́ Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni àwọn olùkọ́ Ìjọ, wọn kò ga jù ú lọ. Ó tún wí pé a kò retí ìfihàn tuntun fún gbogbo Ìjọ títí Kristi yóò fi hàn nínú ògo. Àwa náà gbà bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, bí ọmọ kíláàsì bá bèèrè bóyá àsọtẹ́lẹ̀ tí ó gbọ́ lẹ́bàá ọ̀nà lè fi kún Ìwé Mímọ́, kí olùkọ́ dáhùn láìṣiyèméjì pé rárá. Àgùdà pàápàá kò ní dá a lóhùn mìíràn.

Fún ẹ̀kọ́ oṣù yìí, kí a ka Hébérù 1:1–2, lẹ́yìn náà 2 Tẹsalóníkà 2:15, tí àwọn Àgùdà fẹ́ràn láti tọ́ka sí, àti 2 Tímótíù 3:15–17, tí àwa fẹ́ràn. Kí a bi kíláàsì pé: kí ni Pọ́ọ̀lù fi lé àwọn ará Tẹsalóníkà lọ́wọ́ láti ẹnu, tí kò sí nínú ìwé?