Ẹ̀KỌ́ OṢÙ YÌÍ: KÍ Ẹ TÓ JU PÍRǸTÀ ÀTIJỌ́ NÙ

 

Ọ̀rọ̀ kan ń jà rànìn ní ọ́fíìsì àti ṣọ́ọ̀bù wa. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá, ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ Microsoft parí ìtọ́jú tó ń ṣe fún Windows 10. Nítorí èyí, ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbé Windows 11, tó jáde ní ọdún 2021, sórí kọ̀ǹpútà wọn. Kọ̀ǹpútà a jí dáadáa, ṣùgbọ́n pírǹtà tó ti ń tẹ rìsíìtì láti ọdún mẹ́wàá kò ní dáhùn mọ́. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó gbọ́: "Pírǹtà ti kú, ẹ mówó wá." Owó ta ni? Owó ọmọ ẹgbẹ́ ni. Nítorí náà ó yẹ kí á wádìí bóyá ó kú lóòótọ́.

KÍ LÓ FÀ Á?

Èdè tí kọ̀ǹpútà ń sọ yàtọ̀ sí ti pírǹtà. Ohun tó wà láàrin wọn ni ètò kékeré kan tí wọ́n ń pè ní driver. Kì í ṣe dírẹ́bà tó ń wa dánfó o! Ògbufọ̀ ni eléyìí. Bí ògbufọ̀ kò bá sí, àwọn méjèèjì á kàn máa wo ara wọn ni.

Ìdí méjì ló sábà máa ń lé ògbufọ̀ àtijọ́ lọ. Èkíní, Windows 10 ní oríṣi méjì, 32-bit àti 64-bit, ṣùgbọ́n 64-bit nìkan ni Windows 11 ní. Driver tí wọ́n ṣe fún 32-bit kò lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Èkejì, láti ìgbà Windows Vista ní ọdún 2007, Windows 64-bit kì í gba driver tó ń wọ inú lọ́hùn-ún kọ̀ǹpútà bí kò bá ní òǹtẹ̀ ẹni tó ṣe é. Ẹni tó ṣe ẹ̀rọ náà sì lè má kọ òmíràn fún un mọ́, nítorí tuntun ló ń tà.

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Ẹ jẹ́ kí á wá ògbufọ̀ mìíràn fún àgbà yìí.

OHUN TÍ Ẹ Ó ṢE

1. Ẹ dán pírǹtà wò lóun nìkan. Ẹ yọ wáyà tó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà. Ọ̀pọ̀ pírǹtà onírìbọ́nù ló jẹ́ pé bí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì tó ń fa pépà mọ́lẹ̀ bí ẹ ṣe ń tàn án, yóò tẹ ìwé ìdánwò fúnra rẹ̀. Bí ó bá tẹ̀ ẹ́, kò kú. Ọ̀rọ̀ driver ló kù.

2. Ẹ mọ orúkọ rẹ̀. Bí lébẹ̀lì ara rẹ̀ bá ti pa, ẹ so ó padà, kí ẹ ṣí Device Manager. Ẹ wá èyí tó ní àmì ìkìlọ̀, ẹ tẹ Properties, Details, lẹ́yìn náà Hardware Ids. Bí ó bá jẹ́ ti USB, ẹ ó rí VID àti PID, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àmì mẹ́rin. VID ń sọ ẹni tó ṣe é, PID ń sọ irú èyí tó jẹ́. Ẹ kọ wọ́n sílẹ̀.

3. Ẹ lọ sí ojú ìwé ẹni tó ṣe é lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí driver Windows 11 kò bá sí, ẹ gbìyànjú ti Windows 10 64-bit. Ó sábà máa ń ṣiṣẹ́. Ẹ má sanwó fún àwọn tó ní àwọn yóò bá yín wá gbogbo driver lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, gbájú-ẹ̀ ni, àwọn mìíràn á tún gbé fáírọ́ọ̀sì wọlé.

4. Ẹ yá ògbufọ̀ ẹbí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ pírǹtà onírìbọ́nù, títí kan èyí tí kì í ṣe ti Epson, ló gbọ́ èdè ESC/P tí Epson dá sílẹ̀. Windows tún ní ọ̀kan tó ń jẹ́ Generic / Text Only. Kò lè tẹ àwòrán, ṣùgbọ́n ó ń tẹ lẹ́tà àti nọ́ńbà. Kí ni rìsíìtì tún ń fẹ́?

5. Ní ti scanner, VueScan, ètò tí wọ́n ń tà, gbọ́ èdè ọ̀pọ̀ scanner àtijọ́. Linux náà wà, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ lè tan kọ̀ǹpútà láti inú flash tí Linux wà, kí ẹ dán ẹ̀rọ wò láìfọwọ́ kan Windows yín.

6. Bí gbogbo rẹ̀ bá kọ̀, ẹ lè fi kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan sílẹ̀ fún ẹ̀rọ náà nìkan. Ẹ yọ ọ́ kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì pátápátá, ẹ má sì fi lẹ́jà ẹgbẹ́ pamọ́ sórí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí ẹ kò bá rí rìbọ́nù tàbí ẹ̀yà ara rẹ̀ rà mọ́, tàbí tí àtúnṣe rẹ̀ ń jẹ owó ju tuntun lọ, ẹ jẹ́ kó lọ sinmi. A kì í torí ìṣọ́wóná fi owó ṣòfò.

KÍ Ẹ TÓ YÍ WINDOWS PADÀ

Ẹ da lẹ́jà kọ sí ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Pírǹtà ṣeé rà. Àkọsílẹ̀ owó ọgọ́rùn-ún ènìyàn kò ṣeé rà lọ́jà. Ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹ̀rọ yín, kí ẹ wá driver ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Bí ẹ bá sì gbé Windows 11 lé Windows 10 lórí, ọjọ́ 10 péré ni wọ́n sábà máa ń fún yín láti padà, ní Settings, System, Recovery. Nítorí náà, ọjọ́ kìíní ni kí ẹ dán gbogbo ẹ̀rọ wò. Ẹ má dúró di ìparí oṣù tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti tò sẹ́nu ọ̀nà.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌPÀDÉ

1. Ta ló mọ orúkọ gbogbo ẹ̀rọ tó wà ní ọ́fíìsì yín?
2. Ibo ni ẹ̀dà lẹ́jà yín kejì wà?
3. Bí ẹnìkan bá ní pírǹtà ti kú, ta ni yóò dán an wò kí á tó fọwọ́ sí owó?

Ire o.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́