Kí ẹ tó ra rọ́bọ́ọ̀tì fún màmá

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ń rí i ní Festac àti Amuwo l'Ékòó níbí: ọmọ á ra ẹ̀rọ tó ń sọ̀rọ̀ fún ìyá rẹ̀, á gbé e sí pálọ̀, kò sì ní yọjú mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè ibi tí ọgbọ́n ẹ̀rọ náà wà. Moxie, rọ́bọ́ọ̀tì tí wọ́n ń tà tẹ́lẹ̀ fún àwọn ọmọdé ní Amẹ́ríkà ní 799 dọ́là, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni tirẹ̀ wà. Ní oṣù Kejìlá 2024, ilé-iṣẹ́ tó ṣe é kéde pé àwọn ń kógbá sílé. Ó wá di pé kí òbí máa ṣàlàyé fún ọmọ pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ lè dákẹ́ nígbàkigbà.

Ta ni yóò máa ra dátà? Bí iná bá lọ ńkọ́?

Ẹ má gbé ẹ̀rọ náà sí yàrá ìbùsùn. Ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀. Ẹ kọ́ màmá bí wọ́n ṣe ń pa á.

Èmi náà ń dá gbé, mo mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹ mú ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, kí ẹ kó àwọn ọmọ lọ kí màmá. Ẹ yẹ oògùn màmá wò: ẹ̀rọ lè rán wọn létí, kò lè mọ̀ bóyá wọ́n gbé e mì.