TÍTO EYÍN TÍ Ó GUN ARA WỌN: ÌTỌ́JÚ NI, TÀBÍ YÍYÍ Ẹ̀DÁ ỌLỌ́HUN PADÀ?

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Àṣàkẹ́ ọ̀run.

Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ọba tí ó dá ènìyàn ní ìrísí tí ó dára jù lọ, tí ó sì fún un ní ahọ́n àti ètè méjì. Ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Ọlọ́hun kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàhábé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó bá tọ ipasẹ̀ wọn pẹ̀lú dáadáa títí di ọjọ́ ẹ̀san.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, a ń sọ àsọọ́lẹ̀ ìbẹ̀rù Ọlọ́hun fún ara wa àti fún yín. Ẹni tí ó bá bẹ̀rù Ọlọ́hun kò ní í sọ ohun tí Ọlọ́hun ṣe ní ẹ̀tọ́ di èèwọ̀, kò sì ní í sọ èèwọ̀ di ẹ̀tọ́.

Ọ̀rọ̀ tí a gbé yẹ̀wò ní Jímọ̀ òní lè kéré lójú ẹni tí kò kàn, ṣùgbọ́n ó ti ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ nínú ilé. Ọ̀dọ́ tí ó ti lé ní ogún ọdún, tí eyín rẹ̀ fún pọ̀ tí wọ́n sì gun orí ara wọn, yóò sọ fún àwọn òbí rẹ̀ pé òun fẹ́ lọ to eyín òun. Bàbá yóò ní èèwọ̀ ni, pé ẹni tí ó bá fọwọ́ kan ohun tí Ọlọ́hun dá ti gba ègún. Ìyá yóò ní kí ó tètè lọ, nítorí pé ta ni yóò fẹ́ ẹni tí eyín rẹ̀ rí báyìí? Àwọn méjèèjì ti dájọ́ kí wọ́n tó bi ẹ̀sìn léèrè. Ọ̀rọ̀ ti bàbá lè dí ọ̀nà ìtọ́jú tí Ọlọ́hun ṣí sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti ìyá sì lè gbin ẹ̀gàn sí ọkàn ọmọ tí òun fúnra rẹ̀ bí. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ẹ̀sìn sọ.

Kí ni ohun tí Ànábì kọ̀ gan-an?

Nínú hàdíìsì tí Bukhari àti Muslim gbà wá láti ọ̀dọ̀ Abdullahi ọmọ Mas'ud, ègún Ọlọ́hun wà lórí àwọn obìnrin tí ń fín ara, àwọn tí ń tu irun ojú, àti àwọn tí ń la àárín eyín wọn nítorí ẹwà, tí wọ́n ń yí ẹ̀dá Ọlọ́hun padà. Hàdíìsì yìí ni bàbá náà dì mú, òdodo sì ni. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí gbólóhùn tí ó wà nínú rẹ̀: nítorí ẹwà. Imam Nawawi, ẹni tí ó ṣàlàyé ìwé Muslim, fi yé wa pé àwọn obìnrin tí ọjọ́ orí wọn ti ń lọ ni wọ́n máa ń fi irin ha eyín wọn kí wọ́n lè dà bí ọmọdébìnrin. Ó ní èyí tí a ṣe nítorí àtiwá ẹwà ni èèwọ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ nítorí ìtọ́jú tàbí àléébù tí ó wà lára eyín ni, kò sí aburú níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí àwa Yorùbá. Ẹwà ni èjí lójú wa láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ẹni tí Ọlọ́hun fi èjí dá, kí ó dúpẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí wọ́n ń pa èjí: eyín wọn pé, kò dùn wọ́n, kò ní àléébù, síbẹ̀ wọ́n ní kí a fi irin là á láàárín. Títí di òní ni àwọn kan ṣì ń sanwó fún un. Ohun tí hàdíìsì kọ̀ nìyẹn gẹ́lẹ́. Ẹni tí ó pa èjí mú eyín tí ó dára, ó fi ṣe ọ̀ṣọ́. Ẹni tí ó to eyín tí ó gun ara wọn mú eyín tí ó ń ni í lára, ó dá a sí ipò tí eyín ń wà. Ọ̀nà méjèèjì kò pàdé.

Ẹ̀rí mìíràn ni ti Arfaja ọmọ As'ad. Wọ́n gé imú rẹ̀ ní ogun Kulab ní àsìkò àìmọ̀kan, ó sì fi fàdákà ṣe imú mìíràn. Nígbà tí fàdákà náà bẹ̀rẹ̀ sí í rùn, Ànábì wa ni ó pàṣẹ pé kí ó fi wúrà ṣe é. Wúrà tí a mọ̀ pé ó jẹ́ èèwọ̀ fún ọkùnrin láti fi ṣe ọ̀ṣọ́ di ẹ̀tọ́ fún un nítorí ìnira. Orí irú ẹ̀rí báyìí ni àwọn onímọ̀ òde òní dúró lé. Nígbà tí ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ fíkìhì àgbáyé jókòó ní orílẹ̀-èdè Malaysia ní ọdún 2007, wọ́n gbà pé ó tọ́ láti tún àléébù tí a bí mọ́ ènìyàn ṣe nígbà tí ó bá ń fa ìpalára fún ara tàbí fún ọkàn. Lára ohun tí wọ́n dárúkọ ni ètè tí ó là, àti ìka tàbí eyín tí ó lé.

Báwo ni wọ́n ṣe ń tò ó?

Kí a tó dájọ́ lórí nǹkan, ó yẹ kí a mọ̀ ọ́n. Eyín tí ó gun ara wọn máa ń ṣòro láti fọ̀. Oúnjẹ ń há sí kọ̀rọ̀ tí orín tàbí búrọ́ọ̀ṣì kò lè dé, erìgì ń wú, ó sì ń ṣẹ̀jẹ̀. Wáyà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ tí wọ́n fi ń tò ó. Ní ọdún 1997 ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ Align Technology sílẹ̀ ní California, ní Amẹ́ríkà, òun ni ó sì sọ ike tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó mọ́ gaara di ohun tí gbogbo ayé mọ̀, lábẹ́ orúkọ Invisalign. Àwọn mìíràn náà ti ń ṣe irú rẹ̀ báyìí.

Dókítà yóò ya àwòrán ẹnu àti ti gbòǹgbò eyín, kọ̀ǹpútà yóò sì fi hàn bí eyín yóò ṣe máa rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin. Wọn yóò ṣe ike lẹ́sẹẹsẹ. Ènìyàn yóò lo ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, fún wákàtí 20 sí 22 lójúmọ́, kí ó tó bọ́ sí èyí tí ó kàn. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin mìlímítà ni ike kan ń sún eyín. Dókítà lè lẹ kókó kéékèèké tí àwọ̀ rẹ̀ jọ ti eyín mọ́ ọn kí ike lè rí ibi dì mú.

Nígbà mìíràn, ó lè ha ẹ̀gbẹ́ eyín díẹ̀ láti wá àyè, èyí tí kì í sábàá ju ìdajì mìlímítà lọ láàárín eyín méjì. Ẹni tí kò mọ̀dí lè ní ohun tí hàdíìsì kọ̀ nìyí. Kì í ṣe òun. Kì í ṣe àlàfo ẹwà ni a ń wá níbẹ̀, àyè tí eyín yóò fi jókòó ni.

Ẹ wo àrà Ọlọ́hun níbí yìí. A kò kan eyín mọ́ àgbọ̀n bí ìṣó tí a kàn mọ́ pákó. Àwọn fọ́nrán tín-ín-rín ni ó so gbòǹgbò rẹ̀ mọ́ eegun. Bí a bá rọra ń tì í láìdáwọ́dúró, eegun tí ó wà níwájú rẹ̀ yóò máa yọ́ díẹ̀díẹ̀, eegun tuntun yóò sì máa hù lẹ́yìn rẹ̀. Ọlọ́hun tí a ní ẹni tí ń to eyín ń bá jà ni ó fi àyè àtúnṣe yìí sínú eegun, kì í ṣe ti ọmọdé nìkan, ti àgbà pẹ̀lú.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹnu ni ike lè tún ṣe. Bí eyín bá fún pọ̀ jù, tàbí bí ó bá jẹ́ àgbọ̀n ni kò bá ara wọn mu, dókítà lè ní wáyà ni yóò dára, tàbí kí a yọ eyín kan. Bí erìgì bá sì ń ṣàìsàn, òun ni a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọ́jú.

Àlùwàlá, ìrun àti ààwẹ̀

Nínú mazhab Maliki tí ó gbilẹ̀ ní ilẹ̀ wa, sunna ni fífi omi ṣan ẹnu nínú àlùwàlá àti nínú ìwẹ̀ jánábà, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọmọ ilé-kéwú ti ń kà á nínú Risala. Nítorí náà, àlùwàlá ẹni tí kò yọ ike rẹ̀ kò bàjẹ́. Ṣùgbọ́n nínú mazhab Hanbali, dandan ni fífi omi ṣan ẹnu nínú méjèèjì. Nínú ti Hanafi, dandan ni nínú ìwẹ̀. Bí ó ti jẹ́ pé ike náà rọrùn láti yọ, kí ènìyàn yọ ọ́, kí ó ṣan ẹnu dáadáa, kí ó sì dá a padà, kí ó lè bọ́ nínú ìyapa àwọn onímọ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, kò sì ní í ba wákàtí rẹ̀ jẹ́. Ní ti kókó tí a lẹ̀ mọ́ eyín, kò sí ohun tí ó kàn án. Kí ó fi ike rẹ̀ sínú àpótí rẹ̀, kí ó má gbé e sí etí ibi tí a ti ń ṣe àlùwàlá, nítorí ibẹ̀ ni ó ti máa ń sọnù.

Ike tuntun lè mú kí ahọ́n wúwo fún ọjọ́ mélòó kan, pàápàá lórí hárááfù sin, sad àti zay. Ìrun onítọ̀hún dára. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ òun ni yóò ṣe imam fún àwọn ènìyàn, kí ó yọ ọ́ kí kíkà Fatiha lè já gaara.

Ike kò tú ààwẹ̀, nítorí kì í ṣe oúnjẹ, kò sì yọ́ sínú itọ́. Lẹ́yìn sààrì, kí ó fọ eyín, kí ó fi ike sí i kí àfẹ̀mọ́júmọ́ tó là, kí ó sì wà níbẹ̀ títí di ìṣínu. Ẹ̀kọ gbígbóná àti tíì lè ba ike jẹ́. Kí ó yọ ọ́ kí ó tó mu wọ́n.

Ète, owó àti sùúrù

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, bí nǹkan bá tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀tọ́, ọ̀nà tí a gbà dé ibẹ̀ lè jẹ́ èèwọ̀. Kí olúkúlùkù bi ọkàn rẹ̀ léèrè. Ṣé ìnira kan wà lára eyín yìí, tàbí mo kàn fẹ́ jọ àwọn tí mo ń wò lórí fóònù? Bí eyín rẹ bá tò, tí o ń fọ̀ ọ́ láìsí wàhálà, tí kò sì dí ọ lọ́wọ́ ohunkóhun, dúpẹ́ fún Ọlọ́hun, kí o sì pa owó rẹ mọ́.

Owó náà kì í kéré. Ẹni tí owó ilé tàbí owó ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àbúrò ń bẹ lọ́rùn rẹ̀, ìwọ̀nyẹn ni ó ṣáájú. Kí ẹnikẹ́ni má sì lọ yá owó èlé lórí fóònù nítorí eyín. Ríbà ni, ìnira rẹ̀ sì ju ti eyín lọ. Ẹ lọ bá àwọn dókítà eyín ní àwọn ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìjọba, bí UCH ní Ìbàdàn, LUTH ní Ìdí-Àràbà àti ti Ilé-Ifẹ̀. Ẹ béèrè gbogbo ọ̀nà tí ó wà àti iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́, ẹ sì lè bá wọn ṣe àdéhùn sísan owó díẹ̀díẹ̀ láìsí èlé.

Ẹ má fi ẹnu yín lé ẹni tí kò ní í wò ó lọ́wọ́. Ilé-iṣẹ́ SmileDirectClub ní Amẹ́ríkà a máa fi ike ránṣẹ́ sí àwọn ènìyàn nílé. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023 ni ó kógbá sílé, ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n wà lágbedeméjì ìtọ́jú kò sì mọ ibi tí wọn yóò yà sí. Dókítà tí ó lè rí gbòǹgbò eyín àti erìgì rẹ ni kí o lọ bá.

Sùúrù sì pọn dandan. Ẹni tí ó ń fi ike sí fún wákàtí 10 lójúmọ́ ń fi owó ṣòfò. Lẹ́yìn tí eyín bá sì tò tán, ènìyàn ní láti máa lo ike amúdúró ní alẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, eyín yóò tún padà sí ibi tí ó ti wá. Ànábì kọ́ wa pé èyí tí Ọlọ́hun fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ ni èyí tí a ṣe láìjáwọ́, bí ó tilẹ̀ kéré.

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn sí gbogbo ìjọ

Ẹ̀yin ará, Ọlọ́hun kọ̀ fún wa nínú Suratul Hujurat láti máa fi ara wa ṣe yẹ̀yẹ́ àti láti máa fi orúkọ burúkú pe ara wa. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí ń fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín lónìí, kì í ṣe eyín ni ó kọ́kọ́ dùn wọ́n. Orúkọ tí a sọ wọ́n ní ilé-kéwú àti ní ìdí ẹ̀rọ omi ni. Ànábì sọ ẹ̀rín músẹ́ sí ọmọ ìyá ẹni di sàárà. Ẹni tí ó fi ẹlẹ́yà pa ẹnu ẹlòmíràn dé ti dí i lọ́wọ́ sàárà rẹ̀. Bàbá, má fi ègún tí kì í ṣe tirẹ̀ lé ọmọ rẹ lórí. Ìyá, kọ́kọ́ jẹ́ kí ọmọ rẹ mọ̀ pé iyì rẹ̀ ti pé kí dókítà tó fọwọ́ kan án. Ìwọ ọ̀dọ́, bí o bá tò ó tán, má ṣe fojú tẹ́ńbẹ́lú ẹni tí eyín rẹ̀ kò tò. Kì í ṣe ojú wa ni Ọlọ́hun ń wò, ọkàn wa àti iṣẹ́ wa ni.

Kí Ọlọ́hun bá wa tún òde wa àti inú wa ṣe. Kí ó fún àwọn aláìsàn wa ní ìwòsàn, kí ó fún àwọn ọ̀dọ́ wa ní ẹ̀tọ́ tí yóò tó wọn láìwo ọ̀nà èèwọ̀, kí ó sì jẹ́ kí ahọ́n àti eyín tí ó fi jíǹkí wa jẹ́rìí gbè wá ní ọjọ́ ìdájọ́. Àmín.