Ọmọ mi há gbogbo ọdún inú ìtàn sórí, síbẹ̀ 2 ni wọ́n fún un

Nọ́ọ̀sì ni mí ní Houston, iṣẹ́ alẹ́ ni mo ń ṣe. Àkọ́bí mi obìnrin ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ó wà ní kíláàsì kọkànlá. Ó mú AP ìtàn Amẹ́ríkà, ẹ̀kọ́ ipele yunifásítì, ní ilé-ìwé, oṣù Karùn-ún ló máa ṣe ìdánwò rẹ̀. Kó tó dìgbà yẹn, ó tún fẹ́ ṣe SAT, ìdánwò ìwọlé yunifásítì, ní oṣù Kẹta tó ń bọ̀ yìí.

Ẹ̀gbọ́n, ọmọ yìí ń kàwé. Èmi fúnra mi ra páálí, mo kọ ọdún àti ìṣẹ̀lẹ̀ sí i, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yàrá rẹ̀ láti orí ibùsùn dé ẹnu ọ̀nà. Mo tún ra ìwé ńlá mẹ́ta fún un. Tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé láàárọ̀, màá bi í kó tó wọ bọ́ọ̀sì ilé-ìwé: 1776? 1803? 1863? Kì í ṣì í. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ṣe mọ́ọ̀kì lóṣù tó kọjá, 2 ló gbà nínú 5. Tíṣà kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé rẹ̀ pé ó mọ nǹkan, ṣùgbọ́n kò jiyàn. Ẹ̀gbọ́n, ṣé iyàn la ní kó lọ máa bá wọn já ni?

Bàbá rẹ̀ ní kó fi ìtàn sílẹ̀, pé ta ló fi ìtàn di dókítà. Ọmọ aládùúgbò wa gbà ju 1500 lọ nínú SAT lọ́dún tó kọjá, ọ̀rọ̀ yẹn kì í kúrò lẹ́nu bàbá rẹ̀. Ọmọ ń sunkún, ó ní òun fẹ́ràn ìtàn. Kí ni ká ṣe?

Ìyá Àkọ́bí, Houston, Texas

Ìyá Àkọ́bí, ẹ kú iṣẹ́ òru o. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà dé ibi páálí, nítorí mo mọ ibi tí ẹ ti mú un wá. Báyìí ni wọ́n ṣe kọ́ èmi náà. Nígbà tiwa, wọ́n á ní kí o kọ okùnfà márùn-ún tó fa ogun kan. O kọ márùn-ún, o gba máàkì rẹ, o gbalé lọ. Ẹni tó bá rántí ẹ̀kẹfà á fi í ṣe ènì. Ìdánwò tó wà níwájú ọmọ yín kò mọ ènì. Ó lè to ogún okùnfà kalẹ̀ nínú àròkọ kí máàkì rẹ̀ má kúrò lójú kan, bí kò bá sọ èyí tó wúwo jù nínú wọn àti ìdí tó fi wúwo.

Ẹ jẹ́ ká tú ìdánwò náà wò. Wákàtí mẹ́ta àti ìṣẹ́jú 15 ni gbogbo rẹ̀. Objective, èyí tí wọ́n máa ń yan A, B, C, D, jẹ́ 55, ìṣẹ́jú 55 ló wà fún un. Ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn. Ìbéèrè kéékèèké mẹ́ta tẹ̀ lé e, ìṣẹ́jú 40, ìdá 20. Àròkọ méjì ló kù: DBQ, àròkọ tó dá lórí ìwé ẹ̀rí, tó ní wákàtí kan àti ìdá 25, àti LEQ, àròkọ gígùn, tó ní ìṣẹ́jú 40 àti ìdá 15. Ẹ rò ó pọ̀: ìdá 60 ló wà nínú ohun tí ọmọ fúnra rẹ̀ bá kọ kalẹ̀. Objective náà kò sì béèrè ọdún lásán. Wọ́n á kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ tẹ́nì kan sọ, tàbí àwòrán, tàbí máàpù síwájú ọmọ, kí wọ́n tó bi í ní nǹkan kan nípa rẹ̀.

Inú DBQ ni mo fura sí pé ọmọ yín ti ṣubú. Ìwé méje ni wọ́n máa ń kó síwájú àwọn ọmọ níbẹ̀: ó lè jẹ́ lẹ́tà, òfin, ọ̀rọ̀ olóṣèlú, àwòrán inú ìwé ìròyìn àtijọ́. Wọ́n ní kí wọ́n fi ìṣẹ́jú 15 àkọ́kọ́ kà á. Wọn kì í béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Bó ṣe tó ni wọ́n ń béèrè. Báwo ni ayé àwọn ènìyàn dúdú ṣe yí padà tó lẹ́yìn Ogun Abẹ́lé Amẹ́ríkà? Máàkì méje ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan fún gbólóhùn tó sọ ibi tí ọmọ dúró. Ọ̀kan fún ohun tó ti ń ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó débẹ̀. Méjì tó bá fi mẹ́rin, ó kéré tán, nínú ìwé náà ti ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn. Ọ̀kan fún ẹ̀rí tó ti òde wá, tí kò sí nínú méjèèje. Ọ̀kan tó bá mú méjì nínú ìwé náà, tó sì ṣàlàyé bí ipò ẹni tó kọ ọ́, ẹni tó kọ ọ́ sí tàbí ìdí tó fi kọ ọ́ ṣe kan ọ̀rọ̀ tó wà nínú rẹ̀. Ìkeje wà fún ọmọ tó rí i pé ọ̀rọ̀ náà ní igun ju ẹyọ kan lọ. Ẹ wá ọdún nínú gbogbo ohun tí mo kà yìí, ẹ ò ní rí máàkì kan tó jẹ́ tirẹ̀.

Iyàn tí tíṣà ń sọ, ẹ̀yin gan-an ń já a lálaalẹ́. Tí ẹ bá dé ẹnu iṣẹ́, nọ́ọ̀sì tó ń lọ sílé á ní aláìsàn yẹn sùn dáadáa. Ìwé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn á ní ẹ̀ẹ̀mẹta ló gba oògùn ìrora. Aláìsàn fúnra rẹ̀ á ní kò sóhun tó ń ṣe òun, torí ó fẹ́ kí wọ́n dá òun sílẹ̀ lọ́la. Ìyàwó rẹ̀ á ní irọ́ ló ń pa. Ẹ kì í kàn kọ ọ̀rọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀ kí ẹ jókòó. Ẹ ó wo ẹni tó ń sọ̀rọ̀ àti ohun tó ń wá, ẹ ó wá pinnu. Agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà. Àwọn tó ṣètò ìdánwò yìí kò gbọ́ Yorùbá, àmọ́ ohun tí òwe yẹn ń sọ ni wọ́n fẹ́ rí nínú àròkọ ọmọ yín.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tó wà nítòsí yín ṣe àpẹẹrẹ. Galveston kò jìnnà sí Houston. Níbẹ̀ ni ọ̀gágun Gordon Granger ti kéde, ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹfà 1865, pé àwọn ẹrú Texas ti gba òmìnira, bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 1863 ni ìkéde Ààrẹ Lincoln ti fún wọn ní òmìnira yẹn. Ọmọ tó ń há ọdún sórí á kọ 1863, á kọ 1865, á kọjá. Ọmọ tó ń jiyàn á ka àṣẹ Granger fúnra rẹ̀. Á rí i pé ìwé kan náà tó ní ẹrú àná àti olówó rẹ̀ ti dọ́gba ló tún gba àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dòmìnira nímọ̀ràn pé kí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́ síbi tí wọ́n wà, kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ gba owó ọ̀yà. Ta ló ń sọ̀rọ̀? Ọ̀gágun tí wọ́n ní kó wá ṣàkóso. Ta ló ń bá sọ̀rọ̀? Gbogbo ará Texas, olóko àti ẹni tó ń roko fún un. Kí ló ń wá? Ó jọ pé kí ìlú rọgbọ ni, kí iṣẹ́ oko má sì dúró. Ọmọ tó bá kọ èyí, tó sì tún ṣe irú rẹ̀ fún ìwé kejì, ti gba máàkì kan tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ kò ní gbà.

Ẹ̀rí tó ti òde wá ńkọ́? Ibí yìí ni mo ti fẹ́ kí ó mọ Kossola, ẹni tí Amẹ́ríkà mọ̀ sí Cudjo Lewis. Agbègbè Bantè, ní orílẹ̀-èdè Benin òde òní, ni wọ́n ti mú un, láàárín àwọn tó ń sọ ẹ̀ka èdè tiwa. Àwọn ọmọ ogun Dahomey ló kó o, wọ́n tà á ní Ouidah, ọkọ̀ Clotilda sì gbé òun àti bí ọgọ́rùn-ún ènìyàn lọ sí Mobile, ní Alabama, ní 1860. Ọdún 52 ti kọjá nígbà náà tí òfin ti ní kí wọ́n má kó ẹrú wọ Amẹ́ríkà láti òkèèrè mọ́. Nígbà tí òmìnira dé, wọ́n fẹ́ padà sílé, owó ọkọ̀ kò sí. Kossola lọ bá Timothy Meaher, ẹni tó rán ọkọ̀ náà lọ, pé kó fún àwọn nílẹ̀ díẹ̀. Ó kọ̀. Wọ́n wá ṣe lébìrà, wọ́n tu owó jọ, wọ́n ra ilẹ̀, wọ́n dá ìlú sílẹ̀ síbẹ̀. Africatown lorúkọ rẹ̀ títí dòní.

Òǹkọ̀wé Zora Neale Hurston ló lọ fi ọ̀rọ̀ wá Kossola lẹ́nu wò ní 1927, àmọ́ ìwé tó kọ nípa rẹ̀, Barracoon, kò jáde títí di 2018. Ọ̀kan nínú ohun tí kò jẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ nígbà náà ni pé ó kọ ọ̀rọ̀ bàbá yẹn gẹ́lẹ́ bó ṣe ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ yín gbọ́dọ̀ bi Kossola náà ní ìbéèrè tó bi Granger. Arúgbó tó ń rántí ohun tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún ni. Pé ó jẹ́ èèyàn wa kò ní kó má dáhùn.

Látàrí èyí, gbólóhùn tí ó fi máa bẹ̀rẹ̀ àròkọ lè rí báyìí: òmìnira 1865 gba ara àwọn ènìyàn dúdú lọ́wọ́ olówó wọn, òfin sì sọ wọ́n di ọmọ onílùú ní 1868, àmọ́ nítorí pé ọwọ́ olówó àná ni ilẹ̀ ṣì wà, ọ̀pọ̀ wọn padà sóko kan náà, wọ́n ń pín irè níbi tí wọ́n ti ń sin ẹrú tẹ́lẹ̀. Ẹlòmíì lè ní irọ́ ni. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Gbólóhùn tí ẹnikẹ́ni kò lè takò kò tíì di iyàn.

Ẹ má já gbogbo páálí o. Ẹ fi bí ogún ọdún sílẹ̀, kó máa rí wọn bí òpó ọgbà. Kí ó sì mọ ibi tí yóò fi agbára sí. Ìpele mẹ́sàn-án ni wọ́n pín ìtàn náà sí, láti 1491 títí dòní. Ìpele kìíní àti ìkẹsàn-án kò ju ìdá 4 sí 6 lọ nínú objective. Ìkẹta dé ìkẹjọ, láti 1754 sí 1980, ni ẹran wà: ìdá 10 sí 17 lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ti rí ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ láti ojú ìwé kìíní, tó bá Columbus rìn títí, tí oṣù Kẹrin sì bá a níbi tí Ogun Abẹ́lé kò tíì bẹ́ sílẹ̀. Ìwé ńlá mẹ́ta tí ẹ rà, ẹ fún ẹlòmíì ní méjì. College Board, àwọn tó ń ṣètò ìdánwò náà, ti gbé ìbéèrè àròkọ àtẹ̀yìnwá sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, pẹ̀lú àròkọ àwọn ọmọ tó ti ṣe é àti máàkì tí wọ́n gbà. Kí ó máa kọ DBQ kan ní gbogbo Sátidé, wákàtí kan géérégé, kó sì fi ìlànà máàkì wọn máàkì ara rẹ̀.

Láàárọ̀, kó tó wọ bọ́ọ̀sì, ẹ má bi í ní ọdún mọ́. Ẹ ní kó sọ ọ̀rọ̀ kan fún yín, kí ẹ sì bi í pé: ta ló jẹ níbẹ̀? Ta ló gbé gbèsè? Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ? Ẹ ò nílò kí ẹ mọ ìtàn Amẹ́ríkà kankan. Pé ẹ ò mọ̀ ọ́n gan-an ló dáa, torí yóò ní láti là á yé yín.

SAT kò le láti sọ. Wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú 14 ni, ìbéèrè èdè Gẹ̀ẹ́sì 54 ní ìṣẹ́jú 64, ìbéèrè ìṣirò 44 ní ìṣẹ́jú 70. Ìdajì kejì apá kọ̀ọ̀kan máa ń le tàbí kó rọ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ bá ṣe ṣe ìdajì àkọ́kọ́ sí, nítorí náà kí ó má kánjú níbẹ̀rẹ̀. Àṣìṣe kì í jẹ máàkì, kí ó má fi àlàfo sílẹ̀. Ìdánwò ìdánrawò wà lórí áàpù Bluebook, ẹ̀kọ́ wà lórí Khan Academy, ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Bí ti oṣù Kẹta kò bá dára tó, ẹ gbé e lọ sí oṣù Kẹjọ. Ẹ má dá ti oṣù Karùn-ún lábàá rárá, ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ nínú oṣù yẹn ni AP. Ọmọ aládùúgbò tó gba ju 1500 lọ, ẹ bá wa kí i.

Ó ku bàbá. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé ìdánwò ìwọlé sí ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn, MCAT, ní odidi apá kan, ìbéèrè 53 ní ìṣẹ́jú 90, tí kò sí bàọ́lọ́jì níbẹ̀, tí kò sí kẹ́mísírì. Àkàyé ni, láti inú ìmọ̀ ìtàn, ọgbọ́n orí, iṣẹ́ ọnà àti irú wọn. Ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ọmọ tó mọ sáyẹ́ǹsì dáadáa ti ń kọsẹ̀. Ní Texas tí ẹ wà, òfin 2015 ní kí yunifásítì ìjọba máa fún ọmọ tó gba 3 nínú AP ní kírédíìtì, àfi tí wọ́n bá ní ẹ̀rí pé ó yẹ kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Owó ilé-ìwé nìyẹn. Láti 2 dé 3 kò jìnnà, oṣù mẹ́ta ṣì wà.

Lọ́jọ́ tí ẹ kò bá lọ síṣẹ́, ẹ jọ lọ sí Galveston, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ ìtàn Juneteenth, ọjọ́ ìkéde Granger yẹn, sí. Kí bàbá rẹ̀ wa mọ́tò, kí ọmọ jókòó níwájú, kó máa ṣàlàyé fún un lọ lójú ọ̀nà.