Lẹ́tà sí Àdùkẹ́ tó fẹ́ lọ wo ẹyẹ ní Lẹ́kí

Òkè-Afá, Ìsọlọ̀, Èkó.

Àdùkẹ́ ọmọ mi,

Ìyá rẹ sọ fún mi pé o fẹ́ lọ wo ẹyẹ àti ẹranko ní Lekki Conservation Centre, àmọ́ ẹ̀rù àbàtà ń bà ọ́. Mi ò bá ọ wí. Ní alẹ́ ọjọ́ 27 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2002, tí bọ́ǹbù ń bú ní bárékè Ìkẹjà, koríko omi ló bo ojú kánáàlì wa níbí. Àwọn tó ń sá àsálà rò pé ilẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló bómi lọ. Láti ìgbà náà, "má sún mọ́ omi" ni a fi ń tọ́ ọmọ ládùúgbò yìí.

Síbẹ̀, lọ. Pákó ni wọ́n tẹ́ sórí àbàtà ibẹ̀. Má ṣáà kúrò lórí rẹ̀. Olóyè Shafi Lawal Edu, ọmọ Ẹ̀pẹ́, ló dá Nigerian Conservation Foundation sílẹ̀ ní 1980. Ní 1990, àjọ náà dá ọgbà yìí sílẹ̀ lórí hẹ́kítà 78 láàárín ọ̀sà àti òkun. Ìgbì ló ti ń kó iyanrìn jọ síbẹ̀ láti ayébáyé. Ibi tó bá tẹ̀ wọnú láàárín iyanrìn lomi òjò ń dúró sí. Ibẹ̀ lẹja àti ọ̀pọ̀lọ́ ń gbé, ibẹ̀ ni lékeléke ti ń jẹun. Bí a bá da iyanrìn dí i láti kọ́lé, ẹyẹ á lọ, omi á sì wọlé tọ̀ wá.

Afárá olókùn tó gùn ní mítà 401 ni gbogbo èèyàn ń sáré lọ ya fọ́tò lé lórí. Fi í ṣe ìgbẹ̀yìn. Tètè dé kí oòrùn tó mú, jókòó ti àbàtà, pa ohùn fóònù rẹ, má sọ̀rọ̀. Ẹyẹ tó sá nígbà tí o dé á padà. Bó bá jẹ́ ìgbà ọyẹ́, wòkè dáadáa: àwọn alápàáǹdẹ̀dẹ̀ kan sá fún òtútù Yúróòpù wá sọ́dọ̀ wa ni.

Má fún ọ̀bọ lóúnjẹ o, ì báà jẹ́ ẹ̀pà kan. Èyí tó bá ti mọ ọwọ́ èèyàn á máa já báàgì gbà, á sì ṣe ọmọdé léṣe.

Wọ mọ́tò Ajah, ní kí kọ̀ńdọ́ já ọ sí Chevron. Ẹyẹ tí o kò bá mọ orúkọ rẹ̀, ya fọ́tò rẹ̀ wá. Bàbá rẹ àgbà á sọ ọ́ fún ọ, oko ni wọ́n dàgbà sí.

Èmi ni,
Ìyá rẹ àgbà.