Ṣé Owó Ìfẹ̀yìntì Yín Ń Dé Ibi Tí Ó Yẹ?

Òfin ọdún 2014 ní Nàìjíríà pa á láṣẹ pé, ó kéré tán, kí òṣìṣẹ́ dá 8 nínú 100 owó oṣù rẹ̀ fún ìfẹ̀yìntì, kí agbanisíṣẹ́ sì fi 10 lé e. Nínú 100,000 náírà, 18,000 nìyẹn. Ṣùgbọ́n yíyọ owó kì í ṣe fífi í pamọ́. Àwọn ọ̀gá kan a máa yọ ọ́, wọn a sì ná an. Olè jíjà gbáà ni. Ọjọ́ iṣẹ́ 7 péré ni òfin fún wọn láti fi í ránṣẹ́. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́, ẹ máa béèrè àkọsílẹ̀ owó yín lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tí ń tọ́jú rẹ̀. Bí oṣù kan kò bá sí níbẹ̀, ẹ kọ̀wé sí PenCom, àjọ tí ń ṣàbójútó ọ̀ràn náà, láìjáfara.